Àárò Lórí Ìwé: Ìtàn Ìkọ́ni Ọ̀fẹ́ Láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí oko bá tóbi ju agbára ẹnì kan lọ, àwọn baba wa kì í jókòó kí wọ́n máa wo koríko. Wọn a dá àárò. Ọ̀rẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà a parapọ̀, wọn a ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè jẹ iṣẹ́ ẹnìkejì gbé, nítorí pé ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ lónìí mọ̀ dájú pé òun náà ní láti gbé ọkọ́ rẹ̀ jáde lọ́la. Àárò kì í ṣe sàráà. Ẹni tí ó gba sàráà a máa tẹrí ba, a máa dúpẹ́ oore. Ẹni tí ó wà nínú àárò a máa nàró, nítorí pé ẹgbẹ́ ni òun àti àwọn tí ó wá bá a ṣiṣẹ́.

Oko ńlá ni ìwé kíkà ní yunifásítì. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ń wọlé pẹ̀lú ayọ̀, tí bàbá ti ta nǹkan, tí ìyá ti kó èsúsú, kí wọ́n tó lè wọlé. Síbẹ̀ a kì í rí gbogbo wọn lọ́jọ́ ìgboyè. Àwọn mìíràn a yọ́ lọ láìdágbére. Bí a bá bi wá léèrè, a ó ní ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀nà tí ẹni tí ó mọ̀ yóò fi kọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn ìwákiri náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ sì fi etí yín gbọ́ ohun kan tí ó ń tún ara rẹ̀ sọ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìrànlọ́wọ́ tí a bá ṣe bí sàráà, àwọn gan-an tí a ṣe é fún a máa sá fún un; èyí tí a bá ṣe bí àárò ni ó ń ta gbòǹgbò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ilé-kéú, kì í ṣe Alùfáà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ gbogbo ọmọ ní álífù. Àgbà ọmọ-kéú tí ó ti kà á jìnnà ni yóò jókòó ti àwọn kékeré, tí yóò máa tọ́ka sí ojú wàláà, tí àwọn náà yóò sì máa kà á tẹ̀lé e. Lọ́dọ̀ àwọn babaláwo pẹ̀lú, ọmọ awo tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ a máa gbọ́ ẹsẹ Ifá lẹ́nu èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a sì máa tún un ṣe níbi tí ó bá ti ṣì í. Kò sí ẹni tí ó ń pe ọmọ tí a ń tún ẹnu rẹ̀ ṣe ní olódo. Ọmọ awo ni a ń pè é.

Irú nǹkan báyìí ni Andrew Bell, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Scotland, rí ní Íńdíà. Láti 1789 títí di 1796 ni ó fi jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sójà aláìlóbìí kan lẹ́bàá Madras. Ó rí àwọn ọmọ ìlú náà tí wọ́n jókòó sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn. Ó fẹ́ kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kò gbà. Bell wá mú ọmọ ọdún mẹ́jọ kan, ó ní kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere, Bell sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1797. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Joseph Lancaster, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sí Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ tí kò bá lè san owó kò san. Nígbà tí àwọn ọmọ sì pọ̀ tí olùkọ́ kò ká wọn mọ́, Lancaster fi àwọn tí ó ti mọ̀wé ṣe mọ́nítọ̀ lórí àwọn tí kò tíì mọ̀. Báyìí ni olùkọ́ kan ṣoṣo fi ń bójú tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ.

Ọ̀nà yìí ní àléébù. Ohun tí mọ́nítọ̀ há sórí ni ó ń há sí àwọn yòókù lórí, bí kò bá sì yé e dáadáa, àìyé náà ni yóò máa ran ká. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó jẹ́ mọ́nítọ̀ ní ayé ìgbà náà, ọmọ tiwa ni. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n ti kó òun àti àwọn ẹrú yòókù sínú, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, Àjàyí Crowther sọ pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí òun dé abúlé Bathurst ni òun ti ń ka Májẹ̀mú Titun, tí wọ́n sì fi òun ṣe mọ́nítọ̀. Owó tí wọ́n ń san fún un lóṣù ni kọ́bọ̀ méje àti ẹ̀pìnnì kan, owó Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà. Nígbà tí Fourah Bay bẹ̀rẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ pátápátá, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde, èyí tí àwa tí a ń kọ́ èdè kò lè gbàgbé. Ní 1864 ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí kọ́bọ̀ méje àti ẹ̀pìnnì yẹn. Àwọn ọmọ tí Àjàyí ń kọ́ kò san nǹkan fún un. Ọ̀fẹ́ ni lójú tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń san án. Ọ̀fẹ́ kì í ṣe àìnáwó. Ibikíbi tí a bá ti rí ìkọ́ni ọ̀fẹ́ tí ó pẹ́ láyé, ká wò ó dáadáa, a ó rí i pé ẹnì kan ti fi ọwọ́ sí àpò, tàbí pé ẹnì kan ti fi àkókò rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí òun náà jẹ́ owó.

Láti Sàró, ẹ jẹ́ kí a sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí ó wọ inú yunifásítì. Nígbà tí Yunifásítì Wisconsin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 1849, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún ni ó ní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú wọ inú ẹ̀kọ́ yunifásítì gan-an. Ẹ̀ka ìgbáradì ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí. Ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ dó, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò pọ̀, yunifásítì kò sì lè máa retí ẹni tí ó ti gbáradì láti òkè wá. Báyìí ni ó rí ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ náà ní ayé ìgbà yẹn. Àwọn ènìyàn tí à ń pè ní aṣíwájú Amẹ́ríkà lónìí, ọ̀pọ̀ bàbáńlá wọn ni a fà lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè rìn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1865, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ènìyàn dúdú. Ṣáájú ogun, ó lòdì sí òfin ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé. Nígbà tí Fisk ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Nashville ní oṣù kìíní 1866, nínú ilé tí àwọn ológun ti lò sílẹ̀, àwọn tí ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ ọdún méje títí dé orí arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún. Ìbẹ̀rẹ̀ á bí dí ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì di yunifásítì. Bí a bá ti lé wọn padà nítorí pé wọn kò tíì mọ̀wé, ta ni ìbá mọ ohun tí ó wà nínú wọn?

Títí di ìgbà yìí, ìgbáradì ni gbogbo rẹ̀: a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí ó yẹ kí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà, èyíinì ni ọgbọ́n ìkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ní 1944, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé àwọn tí ó ti jagun lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lórí owó ìjọba. Nígbà tí yóò fi di 1947, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì àwọn tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ ológun tẹ́lẹ̀; nígbà tí ètò náà parí ní 1956, wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ó lé igba ẹgbẹ̀rún tí ó ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àgbà ọkùnrin tí ó ti gbé ìbọn fún ọdún mẹ́ta, báwo ni yóò ṣe tún ìwé kà?

Francis P. Robinson, ọ̀mọ̀wé nípa ìwà àti èrò ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, tẹ ìwé rẹ̀ Effective Study jáde ní 1946. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ó là sílẹ̀. Èkíní, yẹ gbogbo orí ìwé náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń rìn yí oko ká kí ó tó gbé ọkọ́. Èkejì, sọ àkọlé kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè. Ẹ̀kẹta, kà á láti wá ìdáhùn. Ẹ̀kẹrin, pa ìwé dé, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o kà. Ẹ̀karùn-ún, padà lọ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ ó rí i pé ìgbésẹ̀ kẹrin ni àwọn ọmọ awo àti àwọn ọmọ-kéú ti ń ṣe kí Robinson tó dé: ohun tí ẹnu kò bá lè sọ, orí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn tí ó rẹ̀yìn nìkan ni wọ́n nílò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Harvard, William Perry ni ó darí ọ́fíìsì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 láti máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lórí ìwé kíkà. Ní 1959 ó ròyìn ìdánwò kan tí ó ṣe fún nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ó fún wọn ní orí ìwé kan tí ó tó ojú-ewé 30. Púpọ̀ nínú wọn kà á láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì lè dáhùn ìbéèrè wẹ́wẹ́ lórí ohun tí wọ́n kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní kí wọ́n kọ gbólóhùn díẹ̀ láti sọ ohun tí orí ìwé náà dá lé lórí gan-an, ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó lè kọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí ni a ṣà jọ nínú àwọn tí ó mọ̀wé jù ní ilẹ̀ náà! Wọ́n ti ń rin inú igbó náà láìmọ ibi tí ọ̀nà ń lọ.

Ní àkókò tí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ni ìjọba àpapọ̀ tó wá dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Ètò Upward Bound ti inú òfin 1964 jáde láti gbé àwọn ọmọ tálákà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí ó di 1968, wọ́n fi ètò mìíràn kún un láti máa kọ́ àwọn tí ó ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n má bàa jábọ́ lójú ọ̀nà. Ètò wọ̀nyí ṣì wà títí di òní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù ni New York. Láti 1847 ni ìlú náà ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù, ó sì ti di City College. Ṣùgbọ́n bí owó kò tilẹ̀ dí ènìyàn lọ́nà, máàkì ń dí i. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico tí ó ń wọlé kò tó nǹkan. Ní oṣù kẹrin 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé ní igba gba apá kan ọgbà náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹsàn-án 1970, Yunifásítì Ìlú New York ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tí ó bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú náà. Nǹkan bí 35,000 akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni ó wọlé lọ́dún yẹn.

Mina Shaughnessy ni ó ń darí ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní City College. Nígbà tí àwọn olùkọ́ mìíràn rí ohun tí àwọn ọmọ náà kọ, wọ́n káwọ́ lérí. Shaughnessy kò káwọ́ lérí. Ó jókòó ti nǹkan bí 4,000 àròkọ wọn, ó ń wá ìdí tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan fi rí bí ó ti rí. Ìwé rẹ̀, Errors and Expectations, jáde ní 1977. Ohun tí ó sọ ni pé àṣìṣe ní ìlànà tirẹ̀, àti pé kì í ṣe olódo ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe é: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń kọ́ èdè. Bí ọmọ Yorùbá bá fi “he” pe obìnrin nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, a ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n “ó” kan ṣoṣo ni èdè wa ní fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti òkúta. Ọmọ náà kò sọ ìsọkúsọ. Ìlànà èdè ìyá rẹ̀ ni ó tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò lè kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kàn fi gègé pupa fà á lé lórí ni.

Ní Brooklyn College, tí ó wà lábẹ́ yunifásítì kan náà, Kenneth Bruffee ṣàkíyèsí ohun kan tí ó jọni lójú. Wọ́n gba àwọn olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ wọn láti máa ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò wá. Lójú wọn, inú kíláàsì tí ó ti dójú tì wọ́n náà ni wọ́n tún ń pè wọ́n padà sí. Nígbà tí wọ́n wá fi akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn tí ó ń kọ́ni pàápàá jàǹfààní, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ la nǹkan yé ẹlòmíràn ní láti kọ́kọ́ là á yé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1976, àpò ìlú New York gbẹ. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò tíì san láti ọdún 129 sẹ́yìn di ohun tí wọ́n ń san, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ olùkọ́ dúró. Ẹ rántí kọ́bọ̀ méje àti ẹ̀pìnnì. Ọ̀fẹ́ kì í ṣe àìnáwó.

Ní àkókò kan náà, ní etíkun kejì Amẹ́ríkà, Uri Treisman ń wádìí ọ̀rọ̀ kan ní Yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley. Láàrin ọdún mẹ́wàá, 60 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú tí ó parí ìṣirò calculus ti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó gba máàkì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo tàbí tí ó jẹ́ òdo. Ó bi àwọn olùkọ́ léèrè ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní wọn kò ní ìtara. Àwọn kan ní wọn kò gbáradì. Àwọn kan ní ilé wọn kò kọbi ara sí ìwé. Àwọn mìíràn ní òṣì ni. Treisman kò fi ọwọ́ gbá ọ̀kan dànù, kò sì gba ọ̀kan gbọ́. Ó mú ogún akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àti ogún ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì ń tẹ̀ lé wọn káàkiri láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò náà. Àwọn ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n sọ fún un kò fìdí múlẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé àwọn ọmọ dúdú ń dá kàwé. Wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni olùkọ́ ní kí wọ́n kà, wákàtí mẹ́jọ náà ni wọ́n ń kà, nínú yàrá wọn, ní àwọn nìkan. Àwọn ọmọ Ṣáínà a ka tiwọn fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a kó ara wọn jọ, wọn a jẹun pọ̀, wọn a sì máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Bí ìdáhùn gbogbo wọn bá yàtọ̀ sí ti ẹnì kan, ẹni náà mọ̀ pé òun ṣì í. Bí gbogbo wọn kò bá rí ìdáhùn, wọ́n mọ̀ pé ìbéèrè náà ni ó le, kì í ṣe orí wọn ni kò pé.

Ohun tí Treisman ṣe lẹ́yìn èyí ni ó yẹ kí a kọ sára ògiri. Kò dá kíláàsì àwọn tí ó rẹ̀yìn sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti jẹ́ ìràwọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti wá. Bí a bá pè wọ́n síbi tí a ti ń tọ́jú aláìsàn, wọn kò ní wá. Ó pè wọ́n síbi tí ìṣirò ti le ju ti kíláàsì lọ, ó ní àwọn tí ó fẹ́ tayọ ni ibẹ̀ wà fún. Wọ́n jókòó ní ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, wọ́n ń pa á rẹ́. Máàkì wọn gòkè, àwọn tí ó ti ń jábọ́ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn yòókù dọ́gba, wọ́n tún ń lé wọn kọjá. Lẹ́tà kan kò yí padà nínú ìbéèrè ìdánwò. Sàráà ni ó di àárò.

Irú ọgbọ́n kan náà ni Deanna Martin ta ní Yunifásítì Missouri tí ó wà ní Kansas City. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò ju dọ́là 7,000 lọ. Ní 1973 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìtọ́jú eyín àti ìpoògùn. Dípò kí wọ́n máa wá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rẹ̀yìn, ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé àwọn ènìyàn ṣubú ni wọ́n wá. Wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti yege nínú ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní kí ó tún padà lọ jókòó sí kíláàsì náà, kí ó sì máa pe gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ jọ ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀. Kì í dúró níwájú kí ó máa ka ìwé sí wọn létí. Ó ń bi wọ́n léèrè, ó ń jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn léèrè, ó ń kọ́ wọn bí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àti bí a ti ń múra ìdánwò sílẹ̀. Ẹni tí ó gba máàkì gíga wá, ẹni tí ó gba òdo wá, kò sì sí ẹni tí ó ń wo ojú ẹnìkejì. Ní 1981, ìjọba àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ lu ètò náà, láti ìgbà náà ni ó sì ti tàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Australia àti South Africa.

Kí ni èyí kàn wá? Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó ní. Olùkọ́ lè mọ orúkọ kálukú wọn, ó sì lè pe mẹ́rin-márùn-ún jókòó yí tábìlì rẹ̀ ká. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn yunifásítì wa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àgbà, a kò dá yín lẹ́bi. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ni ó ti ń di àlàfo náà láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń ṣe ìkọ́ni ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ọdún kìíní bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹnì kan ni ó ń dúró níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tú ká. Kíláàsì kejì ni ìyẹn. Kò tíì di àárò.

Àwọn kan yóò ní afọ́jú kò lè fi ọ̀nà han afọ́jú. Òótọ́ ni, ìdí nìyí tí Kansas City fi mú ẹni tí ó ti yege, tí ó tún padà lọ jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mìíràn yóò ní kálukú ni yóò dá ìdánwò rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni ìyẹn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Berkeley tí ó yege kọ́kọ́ dá kàwé fún wákàtí mẹ́jọ kí wọ́n tó jókòó pọ̀. Ẹni tí kò ní ọkọ́ kì í wọ àárò.

Ẹgbẹ́ tiwa kò lówó, ṣùgbọ́n a kò ṣàìní ènìyàn. Bí a bá yan ẹ̀kọ́ méjì tí ó ń gbé àwọn ọmọ ọdún kìíní ṣubú jù ní ẹ̀ka èdè, kí a sọ pé gírámà Yorùbá àti ìmọ̀ ìró èdè; bí ẹni méjì tí ó ti yege nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbà láti jókòó pẹ̀lú ẹni mẹ́jọ-mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ kejì táámù, kì í ṣe láti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdánwò; bí olùkọ́ kan bá sì ń yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù; a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pé fún àwọn tí ó rẹ̀yìn ni. Kí a kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ náà le, a sì fẹ́ jọ ṣe é. Kí àwọn tí ó jẹ nínú rẹ̀ lọ́dún yìí gbé ọkọ́ wọn jáde fún àwọn tí ń bọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àárò ti ń rí. Oko ṣì pọ̀ níwájú wa, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú.